Pátákó Tí Kò Ní Ẹnu Àáró

Pátákó méjì ni Ọ̀mọ̀wé Láṣebìkan, ẹni tó ń ṣe ẹ̀yà kọ̀ǹpútà tà, gbé ka orí tábìlì níwájú Ìbídùnní, ó ní kó mú èyí tó bá wù ú. Ọ̀kan dúdú, ó nípọn, ihò róbótó kan sì wà létí rẹ̀ tí wọ́n fi idẹ yí ká. Èkejì funfun, ó fẹ́lẹ́, kò ní ihò kankan létí.

Pátákó ìyá ni wọ́n ń pè é ní Òkè-Pupa, ìlú tí àwọn ọmọ Yorùbá tẹ̀ dó sórí ayé pupa nígbà tí ayé tiwa yìí há mọ́ wọn. Orí rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń jókòó sí: ọpọlọ rẹ̀, ìrántí rẹ̀, àti káàdì tó ń ya àwòrán. Ìbídùnní ti ní ọpọlọ tó yára jù nílùú. Pátákó ló kù kó tó to ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ pọ̀ fún ìdíje ọdún. Lọ́dún tó kọjá, ó kù díẹ̀ kó gba ife ni ẹ̀rọ rẹ̀ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀ sí wọ́ ẹsẹ̀ lójú gbogbo èèyàn, tí wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́ délé. Àáró ló fà á.

Àáró ibẹ̀ kì í ṣe ti oko mọ́. Àwọn baba wa a máa ro oko fún ara wọn, lónìí tèmi, lọ́la tìrẹ. Ní Òkè-Pupa, ẹ̀rọ ilé ló ń ṣe é. Bí ìjì eruku bá ń bọ̀, kò sí ẹ̀rọ kan tó lè dá ṣírò ibi tí yóò gbà wọ ìlú, nítorí náà gbogbo ẹ̀rọ á gba ihò etí pátákó wọn, tí wọ́n ń pè ní ẹnu àáró, pín ìṣirò náà ṣe. Géèmù yòówù tí onílé bá ń gbá lọ́wọ́, á falẹ̀ títí wọn á fi parí.

Bàbá Akínrìnádé, aládùúgbò rẹ̀, ló bá a wá sọ́dọ̀ Ọ̀mọ̀wé. Bàbá wà lára àwọn tó kọ́ ẹ̀rọ ìlú ní àáró nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Kò lè gbá géèmù, ṣùgbọ́n bí Ìbídùnní bá ń gbá a, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò jókòó sí, tí yóò máa ké bí ẹni tó ń ròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohùn náà.

“Funfun ni kó o mú,” ni Ọ̀mọ̀wé wí. “Mo ti yọ ẹnu àáró kúrò lára rẹ̀. Gbogbo agbára rẹ̀, tìẹ nìkan ni.”

“Ẹ yọ kí ni, Ọ̀mọ̀wé?” Ó dà bíi pé etí ń tan Bàbá. “Ta ló máa wá ṣe ìpín tiẹ̀?”

“Bàbá, ẹ̀rọ pọ̀ nílùú. Ẹyọ kan ò lè hàn níbẹ̀. Kò sì sófin tó ní kéèyàn ṣàáró.”

“Kò sófin tó ní kéèyàn kí aládùúgbò ẹ̀ káàárọ̀ náà. Ọwọ́ kan ò gbẹ́rù dórí o!”

“Òwe kì í báni gba ife, Bàbá.”

Ìbídùnní mú dúdú. Bàbá gbé ọwọ́ lé e, ó ṣàdúrà sí i, wọ́n sì jọ gbé e lọ sílé. Lọ́jọ́ kejì, bí Bàbá ṣe ń sun oorun ọ̀sán lọ́wọ́, ọmọbìnrin yìí gbé e padà, ó gba funfun. Ẹ má tíì bú u. Kì í ṣe ọmọ burúkú, ife ló wọ̀ ọ́ lójú. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé bí ìdíje bá ti parí, òun á pààrọ̀ rẹ̀. Àwa tá a ti dàgbà mọ irú “bó bá ti parí” bẹ́ẹ̀.

Ó gba ife lóòótọ́. Bàbá ké fún un títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìbídùnní kò pààrọ̀ pátákó, nítorí ìdíje mìíràn tún ń bọ̀. Nígbàkígbà tí Bàbá bá bi í pé, “Pátákó wa ńkọ́?”, á ní, “Ó wà dáadáa, Bàbá,” ọ̀rọ̀ “wa” yẹn á sì gún un lọ́kàn.

Àsìkò ìjì dé. Ìjì kan ń lu òrùlé ìlú lọ́wọ́ ni ẹ̀rọ Bàbá kú. Asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń darí nínú ilé rẹ̀ dúró, eruku pupa sì rọ́ wọlé bá a. Kí wọ́n tó já ilẹ̀kùn, Bàbá ti mu eruku náà yó. Kò kú, ṣùgbọ́n dókítà ní ohùn rẹ̀ ti lọ nìyẹn, ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló kù sí i lẹ́nu. Àwọn àgbà ìlú ní ẹ̀rọ rẹ̀ ló ti gbó jù. Bàbá fúnra rẹ̀ dìde láwùjọ, ó fi ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ náà bẹ ìlú pé kí wọ́n má bínú, pé ẹ̀rọ òun já àáró kulẹ̀. Ìbídùnní jókòó síbẹ̀, kò lè gbé ojú sókè.

Nígbà tó yá, Bàbá gbé pátákó tó kú náà wá bá a.

“Ìwọ lo mọ ẹ̀rọ,” ó ní. “Bá mi wò ó. Kí ló ṣe é? Ojú ń tì mí.”

Ìbídùnní yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnu àáró rẹ̀ ti jó dúdú, ṣùgbọ́n ibi tó kù le dáadáa. Ogbó kọ́ ló pa á, iṣẹ́ àṣejù ni. Ó fún un ní iná díẹ̀. Ohùn kan jáde látinú pátákó náà, ó ń kán bí ohùn ẹni tó ti rẹ̀.

“Ilé Ìbídùnní, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé ara ti ń yá? Mo ti bá yín ṣe ìpín tiyín. Ẹ sinmi.”

Bí Bàbá ṣe kọ́ àwọn ẹ̀rọ nìyẹn láyé ọjọ́sí, bí àwọn baba wa ti ń ṣe é. Bí wọn kò bá rí ẹnì kan lóko àáró, kò sẹ́ni tó ń pè é ní ọ̀lẹ. Wọ́n á gbà pé àìsàn dá a dúró, ẹni tó múlé tì í á sì ro tirẹ̀ mọ́ tara rẹ̀. Láti ọjọ́ tí pátákó funfun ti wọlé ni ẹ̀rọ arúgbó yìí ti ń ṣe iṣẹ́ ilé méjì, tó sì ń béèrè àlàáfíà ilé tí kò ní etí láti gbọ́ ọ.

Bàbá wò ó. Ìbínú kọ́ ló wà lójú rẹ̀.

“Ìbídùnní,” ó sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, “ara rẹ ò yá látọjọ́ yìí, o ò sì sọ fún mi?”

Irọ́ tó rọrùn ti wà lórí ahọ́n rẹ̀. “Bẹ́ẹ̀ ni” péré ni kó wí. Ó wo ẹnu tó jó dúdú yẹn, ó wo ọ̀fun Bàbá, ó sì kúnlẹ̀.

“Ara mi le koko, Bàbá,” ó ní. “Kò sígbà kan tí kò le.”