Orúnkún Bàbá Àgbà

"Orúnkún yìí fẹ́ pa mí," ni bàbá àgbà mi wí bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́. Ariwo tí orúnkún náà pa, àwọn ará òdìkejì odò gbọ́ ọ. Èmi kì í parọ́.

Màmá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní tí ọ̀sẹ̀ yìí bá parí tí bàbá àwọn ṣì ń tiro, àwọn á gbé kẹ̀kẹ́ náà fún ẹlòmíì. Kẹ̀kẹ́ yẹn ni bàbá àgbà fi ń lọ kí ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin láràárọ̀, lẹ́yìn afárá. Ìyá náà ò ríran mọ́. Ohùn àbúrò wọn ló ń sọ fún wọn pé ilẹ̀ ti mọ́.

Ní ti ìmọ̀ kẹ̀kẹ́, ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíì lẹ́yìn mi. Látìgbà tí bàbá ti ṣubú lọ́dún tó kọjá ni wọ́n ti rẹ ìjókòó kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, kí ẹsẹ̀ wọn lè máa tẹlẹ̀. Tí wọ́n bá wá ń wà á, orúnkún wọn á ká débi pé ó kù díẹ̀ kó gbá wọn lágbọ̀n. Mo mú sípánà, mo gbé ìjókòó sókè, mi ò sọ fún ẹnì kankan. Ṣé irú èmi náà ń gbàṣẹ ni?

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá gun kẹ̀kẹ́, wọ́n na ẹsẹ̀ sílẹ̀ láti dúró, wọn ò bá ilẹ̀ níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ gba ọ̀tún, bàbá gba òsì, ó di inú agbọ̀n aṣọ tí màmá mi fẹ́ sá. Ọpẹ́lọpẹ́ agbọ̀n yẹn. Mo jẹ́wọ́ kí wọ́n tó bi mí.

Bàbá jókòó sáàárín aṣọ tútù, wọ́n ń wò mí. "A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Ìwọ wá ń tún orúnkún ṣe lẹ́yìn olórúnkún."

"Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ̀rù ń bà mí kí màmá má gba kẹ̀kẹ́ yín ni."

Wọ́n na ọwọ́, mo fà wọ́n dìde. Wọ́n ní kí n ṣàlàyé. Mo ní a ó kọ́kọ́ rẹ ìjókòó sílẹ̀ padà, díẹ̀díẹ̀ la ó sì máa gbé e sókè, títí ẹsẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ nà tán nígbà tí pẹ́dàlì bá wà nísàlẹ̀. Tí wọ́n bá fẹ́ dúró, kí wọ́n kọ́kọ́ kúrò lórí ìjókòó. Mo di kẹ̀kẹ́ mú, mo sì sáré tẹ̀ lé wọn dé afárá. Ẹṣin tó bá rí mi lọ́jọ́ náà á yà fún mi.

Ìrora náà ò lọ lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀sẹ̀ parí, bàbá ò tiro wọlé. Màmá mi kàn ṣílẹ̀kùn fún kẹ̀kẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, tí ọjọ́ orí bá ń gòkè, ẹ má jẹ́ kí ìjókòó kẹ̀kẹ́ máa lọ sílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ràn àgbà, ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó ràn wọ́n lọ́wọ́. Ọgbọ́n mi pọ̀ ju òkun lọ, síbẹ̀ ó kù díẹ̀ kó ṣẹ́ bàbá àgbà mi léegun.