Aṣọ Méjì Tí Gavril Fi Pamọ́

Ìrì ti mú kí gbogbo koríko pápá náà rin gbingbin, àmọ́ aṣọ funfun tí Gavril tẹ́ sáàárín rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ àná gbẹ táútáú. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fọwọ́ kàn án. Ojú ẹsẹ̀ wà lórí rẹ̀, ti ẹni tí kò wọ bàtà, ẹsẹ̀ kékeré tí ìka rẹ̀ tó kéré jù tẹ̀ sínú. Ojú ẹsẹ̀ náà rìn láti ìdí aṣọ dé ibi tí aṣọ parí sí, ó sì dúró síbẹ̀. Ọjọ́bọ̀ kẹta nìyí tó ń rí i. Gavril mọ ẹsẹ̀ náà dáadáa, nítorí ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ló fi gbé pẹ̀lú ẹni tó ni ín.

Ọdún 1934 ni, nígbà tí gbogbo ìlú kékeré ní Romania ń wá pápá bàálù tirẹ̀ lójú méjèèjì. Èyí tí Gavril ń ṣọ́ lábẹ́ òkè kò ju ibi ìjẹko lọ: ahéré pákó kan, tẹlifóònù kan lára ògiri, àti aṣọ gígùn méjì tí wọ́n ń tẹ́ bíi lẹ́tà T kí awabàálù lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Láago mẹ́jọ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, wọ́n á pè é láti Bucharest, olú ìlú: ṣé aṣọ wà nílẹ̀? Tó bá ní ó wà, bàálù á gbéra. Tó bá ní kò sí, ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Pápá tó bá sì sọ pé kò sí lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọdún kan, wọ́n á tì í pa. Gavril ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí ìjì ti fa aṣọ ìjọba ya, lẹ́tà mẹ́ta tó sì kọ láti fi béèrè òmíràn, kò sẹ́ni tó fèsì.

Ní oṣù kejì ni Safta ìyàwó rẹ̀ kú. Ní agbègbè wọn, obìnrin á ti fọwọ́ ara rẹ̀ hun aṣọ òkú rẹ̀ sílẹ̀ kí ọjọ́ tó dé, aṣọ gígùn mẹ́sàn-án, tí wọ́n á máa tẹ́ síwájú pósí níbikíbi tí àlùfáà bá ti dúró lọ́nà itẹ́ òkú. Afárá ni wọ́n ń pè wọ́n. Orí wọn ni ọkàn òkú ń gbà la àwọn ibodè ojú sánmà kọjá, lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi wọ́n ṣe sàárà. Méje ni Gavril tẹ́, ó fi méjì tó kù pamọ́ fún pápá. Yìnyín ń já lu gbogbo ènìyàn lójú, kò sẹ́ni tó kà á. Ó rò ó nínú ara rẹ̀ pé obìnrin rere bíi Safta kò ní torí aṣọ méjì bínú sí òun.

Ìyá Paraschiva, arúgbó tó wẹ òkú Safta, ń da ewúrẹ́ rẹ̀ kọjá lẹ́bàá pápá ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ kẹta yìí. Ó dúró, ó tẹjú mọ́ aṣọ.

“Gavril, mo mọ ẹni tó hun èyí.”

“Aṣọ ìjọba ni, Ìyá.”

“Ìjọba tí kò lè ra ìṣó fún ọ ló wá mọ aṣọ hun báyìí? Mélòó lo tẹ́ fún un?”

Gavril bẹ̀rẹ̀, ó ń tún etí aṣọ ṣe.

“Mo ní mélòó?”

“Méje.”

Arúgbó náà ya àmì àgbélébùú sáyà. Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. “Áà, Safta. Ẹnu ibodè ló ti ń dúró látọjọ́ yìí. Ká a ńlẹ̀, Gavril. Ìrìn àjò kan ṣoṣo ni aṣọ yìí mọ̀. Ẹni tó bá gba orí rẹ̀ wọlé, kì í ṣe ilé ló ń lọ.”

“Ruxanda ń bọ̀ lónìí.”

Ruxanda ni ọmọ kan ṣoṣo tí Safta bí. Láti ìgbà ìkórè ló ti wà ní ilé ìwòsàn ní Bucharest nítorí àyà tó ń dùn ún, kò sì fojú rí ìsìnkú ìyá rẹ̀.

“Kó wọ rélùwéè.”

“Ọjọ́ méjì nínú èéfín? Dókítà ní èéfín yẹn á pa á. Ìyá, òun nìkan ló kù mí kù. Ẹ jẹ́ kó sọ̀kalẹ̀ ná. Tó bá ti sọ̀kalẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni màá kó aṣọ náà fún.”

Tẹlifóònù dún. Gavril wọlé lọ gbé e.

“Bàbá Gavril, ẹ káàárọ̀. Ṣé aṣọ wà nílẹ̀?”

Ó rí arúgbó náà láti ojú fèrèsé, tó ń mi orí.

“Ó wà nílẹ̀,” ni Gavril wí.

Ó gbé wàrà kaná, ó ro mamaliga, òkèlè àgbàdo wọn, ó gbá ahéré mọ́. Kùrukùru bo orí òkè, àmọ́ ojú pápá mọ́. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mọ́kànlá lù, bàálù yọ, ó sì balẹ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ. Ayọ̀ kò jẹ́ kí Gavril kíyè sí i pé òun kò gbọ́ ìró kankan. Nígbà tó fi sáré débẹ̀, Ruxanda ti dúró lórí aṣọ, láìwọ bàtà.

“Ọmọ mi! Bàtà rẹ dà?”

“N kò mọ ibi tí mo bọ́ ọ sí, Bàbá. Àyà kò dùn mí mọ́.”

Ó dì mọ́ ọn. Ara ọmọ náà tutù bí omi kànga. “Ó yá, wàrà ti gbóná.”

Ruxanda wo koríko, kò gbẹ́sẹ̀. “Màmá ní kí n má kúrò lórí aṣọ.”

Tẹlifóònù tún dún. Gavril ní kó dúró, òun ń bọ̀.

“Bàbá Gavril,” ni ọkùnrin ará Bucharest wí, “ẹ wá nǹkan jókòó lé. Bàálù forí sọ òkè nínú kùrukùru. Aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn agégẹdú ti débẹ̀. Kò sẹ́ni tó yè.”

“Irọ́ ni. Ó wà níta níbí.”

Ó yíjú sí fèrèsé. Pápá ṣófo. Kò sí ojú táyà kankan, ìrì ṣì wà lórí koríko láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Aṣọ nìkan ló gbẹ. Ojú ẹsẹ̀ obìnrin méjì ló wà lórí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, wọn kò sì dúró mọ́ níbi tí aṣọ parí sí. Gìgísẹ̀ wọn wà lórí aṣọ, ìka ẹsẹ̀ wọn ti kọjá etí rẹ̀.

Gavril ká aṣọ, ó fi igbe ẹkún sáré tọ Ìyá Paraschiva lọ. “Ẹ gbà á! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà á!”

Arúgbó náà kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe nílé kejì, àti nílé kẹta, títí abúlé fi tán.

Wọ́n ti pápá náà pa kí òtútù tó dé. Síbẹ̀, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, Gavril á tẹ́ aṣọ méjèèjì. Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, á bọ́ bàtà, á dúró sí ìpẹ̀kun rẹ̀, á máa bẹ Safta pé kó wá mú òun náà. Ìrì ti mú kí aṣọ náà rin gbingbin bíi koríko, kò sì sí ojú ẹsẹ̀ kankan níbẹ̀ àyàfi tirẹ̀.