Bó Bá Ti Lọ, Ìpè Parí

Ó fọwọ́ di àyà mú wọ ilé ìwòsàn wa, ìyẹ̀fun pákó ṣì wà nírun rẹ̀. Kápẹ́ńtà ni. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo ní kó bọ́ ẹ̀wù, tí mo lẹ wáyà ẹ̀rọ tó ń wo bí ọkàn ṣe ń lù mọ́ ọn láyà.

"Ìgbà wo ló máa ń dùn yín?"

"Tí mo bá gbé pákó gun àtẹ̀gùn. Tí mo bá jókòó, á lọ." Ó wò mí lójú. "Àmọ́ mo ti jókòó báyìí, àyà mi ò tíì yéé lù."

Mo ní kó dákẹ́, ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rín ń pa mí.

Ẹ̀rọ àti àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò fi nǹkan kan hàn, ṣùgbọ́n dókítà wa ní ọ̀rọ̀ ò tán síbẹ̀. Ọkùnrin náà gbọ́dọ̀ lọ rí dókítà ọkàn ní ilé ìwòsàn ńlá kíákíá. Lọ́dọ̀ wa, nọ́ọ̀sì tó gba aláìsàn ló ń pè é lórí fóònù títí yóò fi lọ. Bó bá ti lọ, ìpè parí.

Mo pè é, kò tíì lọ. A sọ̀rọ̀ àga tó ń kàn, a sọ̀rọ̀ òjò. Mo tún pè é, kò tíì lọ. Kí n má parọ́, mo ti fẹ́ràn rẹ̀, ọjọ́ ìpè ni mo fi ń ka ọ̀sẹ̀.

Màmá mi gbọ́ ohùn mi nígbà tí mo pè é láti ilé. Opó ni wọ́n, àyà dídùn ló pa bàbá mi.

"Ọkùnrin tí àyà ń dùn? Ọmọ mi, iná tó jó mi lo fẹ́ fọwọ́ kàn yẹn."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn. Mo tún pè é. "Kí ló dé tí ẹ ò lọ?"

Ó ní, "Tí mo bá lọ, ẹ ò ní pè mí mọ́."

Omi bọ́ lójú mi. Àṣé ohun tí mo ń gbádùn ló fẹ́ pa á. "Láti òní lọ, ọ̀gá wa ọkùnrin ni yóò máa pè yín," mo ní. "Kì í sọ̀rọ̀ òjò."

Ọjọ́ kò yára mọ́. Bí fóònù bá dún, màá sáré gbé e, àmọ́ kì í ṣe òun.

Lọ́jọ́ tó wá jẹ́ òun, ẹ̀wà ni èmi àti màmá mi ń ṣà. Ohùn rẹ̀ ń jáde ketekete, màmá mi náà ń gbọ́ ọ.

"Dókítà ọkàn ti rí mi. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dí, wọ́n ti bá mi là á. Oògùn ni màá máa lò títí ayé. Ẹ ò ní ìdí láti pè mí mọ́, nọ́ọ̀sì. Èmi ni mo fẹ́ máa pè yín, tí ẹ bá gbà."

Mo wo màmá mi.

Wọ́n dáwọ́ ẹ̀wà ṣíṣà dúró. "Mo bẹ bàbá ẹ títí pé kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò, wọn ò lọ. Eléyìí lọ." Wọ́n gba àwo ẹ̀wà lọ́wọ́ mi. "Dá a lóhùn, ó ń dúró."