Kọfí Bàbá Nives

Ọjọ́ tí Livio kọ́kọ́ rí Nives, afẹ́fẹ́ líle tí wọ́n ń pè ní bora ń jà ní ìlú Trieste débi pé àwọn àgbà ń di irin ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà mú rìn. Ọmọbìnrin náà gbá ẹ̀rọ kọfí mọ́ àyà bí ọmọ tuntun, irun ti bo ojú rẹ̀ pátápátá. Livio, tó ń fi kọfí pípò jẹun nílé kọfí kan létí èbúté, sáré jáde lọ bá a gbé e.

"Ṣé ẹ ń kó kúrò nílé ni?" ó bi í.

"Rárá o, aláìsàn ni mo gbé. Kọfí kàn ń kán tó-tó-tó nínú rẹ̀ ni. Kí ife kan tó kún, mo ti pẹ́ níbi iṣẹ́."

Livio fi kọfí tí wọ́n lọ̀ níbẹ̀ dán ẹ̀rọ náà wò. Láàárín ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ife ti débi tó yẹ, ìfófó pupa rúsúrúsú sì wà lójú rẹ̀. Ara aláìsàn dá ṣáká. Livio ní bóyá kọfí tí wọ́n ń lọ̀ nílé ló kúnná jù, tí wọ́n sì tún ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ jù nínú ẹ̀rọ, tí omi ò fi rí ọ̀nà kọjá. Ọkàn Nives rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní bàbá òun, Duilio, ló ń lọ̀ ọ́; ogójì ọdún ló fi po kọfí ní èbúté, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó fi ń lọ̀ ọ́.

Kí òtútù tó lọ, àwọn méjèèjì ti ń rìn létí òkun, ọwọ́ nínú ọwọ́.

"Ìwọ tó ń rùn kọfí yìí," Nives á máa yọ ọ́ lẹ́nu, "bí mo bá fẹ́ ọ, ṣé màá tún sùn mọ́?"

Ó wá ku kí bàbá Nives fọwọ́ sí ìgbéyàwó wọn. Nives kìlọ̀ pé bàbá òun ò gba àríwísí lórí kọfí, kí Livio ṣáà máa yìn ín. Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́ta gbáko ni Livio fi mu kọfí tó korò ju ewúro lọ nílé bàbá, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń sọ pé ó dùn. Kí lèèyàn ò ní gbé mì nítorí ìfẹ́? Lọ́jọ́ kẹta, ó tọrọ Nives.

Bàbá gbé ife tirẹ̀ sílẹ̀. "N kò fún ọ. Mo mọ̀ pé kọfí mi korò. Iṣẹ́ rẹ nìyí, o mu èyí, o ní ó dùn. Irọ́ wo ni o ò ní pa fún ọmọ mi?"

Ìtìjú lé Livio délé. Nives sunkún, ó ní òun lòun kọ́ Livio pé kó máa yìn ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọjọ́ Ìsinmi tún pé, Livio padà wá láìjẹ́ pé wọ́n pè é. Ó mu kọfí ẹnu kan, ó gbé ife sílẹ̀.

"Ó korò, bàbá. Ó kúnná jù, ẹ sì ń fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi, ẹ lé mi, n kò ní purọ́ nínú ilé yìí mọ́."

Bàbá fọwọ́ ra ara ẹ̀rọ tó fi ń lọ kọfí. "Ojú mi ò rí nọ́mbà ara ẹ̀rọ yìí tó ń sọ bí kọfí ṣe máa kúnná tó mọ́," ó wí jẹ́jẹ́. "Ọdún kejì rèé tí mo ti ń fọwọ́ wá a. Ojú ń tì mí láti sọ fún ọmọ mi." Ó ti ẹ̀rọ náà síwájú Livio. "Yí i."

Livio yí i díẹ̀, ó lọ kọfí, ó sì pò ó, ṣùgbọ́n ó ṣì ń kán. Ó tún yí i, ó rọra tẹ̀ ẹ́, kọfí wá ń sọ̀ kalẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ láìdúró. Bàbá tọ́ ọ wò, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé ife náà fún Nives. Nives di ọwọ́ Livio mú lójú bàbá rẹ̀.

"Ẹ tètè mú ọjọ́ ìgbéyàwó," ni bàbá wí, "kí èyí tó kù nínú ojú mi lè rí i."