Ẹyẹlé Àgbàlá Dúdú

Ọ̀sán gangan ni ọmọdékùnrin náà kú. Kò sunkún, kò pariwo. Ó kàn gbọ̀n bí ewé, ojú rẹ̀ sì là sílẹ̀ sí òrùlé. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni. Kí wọ́n tó gbé e kúrò nílé, àdúgbò ti mọ ẹni tó pa á. Ta ni ìbá tún jẹ́ bí kò ṣe ìyá-àgbà, ìyá bàbá ọmọ, tó ń sin ẹyẹlé funfun, tó sì gbàdúrà lé ọmọ lórí láàárọ̀ ọjọ́ tó kú?

"Àdúrà tó ń pa ni," ni aránṣọ òdìkejì ọ̀nà wí. Obìnrin yìí lè ṣe oṣù mẹ́ta kó má rí aṣọ rán, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ tí kò lè gán pọ̀.

Ọmọ ìyá-àgbà, bàbá olóògbé, ni gbogbo ayé ń pè ní Ọ̀gá Bátìrì, nítorí bátìrì ọkọ̀ ló ń tún ṣe. Ó mọ iṣẹ́, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Àgbàlá rẹ̀ ló fi ń yangàn jù: ó fọ́ èèpo bátìrì àlòkù wẹ́wẹ́, ó dà á sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Bí òjò bá rọ̀ tí ẹrẹ̀ gba gbogbo ojúlé, tirẹ̀ á dúdú minimini, á gbẹ. Òun náà á sì gbé àga síta kí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn rì lè rí i dáadáa.

Nígbà tí àbúrò olóògbé, ọmọbìnrin ọlọ́dún méjì, bẹ̀rẹ̀ sí í bì, tó sì gbàgbé bí a ṣe ń rìn, Ọ̀gá pe ìyá rẹ̀ síwájú ìyàwó rẹ̀ àti aránṣọ, ẹni tí ẹnikẹ́ni kò pè.

"Màmá, ẹ jẹ́wọ́ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, àbí kí ẹ kó ẹrù yín. Ẹ má sì gbàdúrà fún ọmọ mi mọ́."

Ìyàwó kàn tú ọ̀já, ó gba ọmọ lẹ́yìn ìyá-àgbà.

Láti ọjọ́ náà, ìyá-àgbà kò gbàdúrà mọ́. Kì í ṣe ìbínú, ẹ̀rù ni. Wọ́n ti sọ ọ́ títí òun náà fi ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Àbí èèyàn lè jẹ́ àjẹ́ kó má mọ̀? Ẹyẹlé mẹ́ta kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Aránṣọ ní ẹgbẹ́ àjẹ́ rẹ̀ ló ń bá a jà. Nígbà tó di Sátidé, ìyá-àgbà pinnu pé òun á jẹ́wọ́. Bí irọ́ bá lè ra ẹ̀mí ọmọ, kí wọ́n gba irọ́.

Àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ Àìkú, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná.

"Olúwa," ló wí. "N kò mọ̀ bóyá O ń gbọ́ irú mi. Bó bá jẹ́ èmi ni, mú mi lọ. Bí kì í bá ṣe èmi, má jẹ̀ẹ́ kí n kú sínú irọ́ yìí."

Kò gbọ́ ohùn kankan. Ilẹ̀ kàn mọ́ bó ṣe máa ń mọ́. Àwọn ẹyẹlé sọ̀ sí àgbàlá, wọ́n ń ṣa èérún dúdú jẹ. Ọ̀kan lọ́ ọrùn, ó ṣubú, ó ń gbọ̀n. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọmọ ṣe gbọ̀n. Ìyá-àgbà bojú wo èyí tí ìyẹ́ rẹ̀ kán, tó wà nínú àgò láti oṣù kan, tó jẹ́ pé àgbàdo ọwọ́ òun nìkan ló ń jẹ: ara rẹ̀ le koko. Ó wá rántí ẹnu ọmọdékùnrin náà tó máa ń dúdú, tí wọ́n ń nà án pé ó ń jẹ erùpẹ̀.

Ó gbé ọmọbìnrin náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀ tó ń sùn, ó pọ̀n ọ́n, ó mú òkú ẹyẹlé dání, ó kọrí sí ilé ìwòsàn.

Bí o bá rí ẹni tí wọ́n ń pè ní àjẹ́ tó pọn ọmọ aláìsàn lọ, tí òkú ẹyẹ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni wàá rò? Aránṣọ ló fi igbe ta. Nígbà tí Ọ̀gá Bátìrì fi máa dé ilé ìwòsàn, èèyàn ogún ti wà lẹ́yìn rẹ̀, igi wà lọ́wọ́ àwọn kan.

Nọ́ọ̀sì àgbà pàdé wọn lẹ́nu ọ̀nà, ó béèrè iṣẹ́ tí bàbá ọmọ ń ṣe. Ọ̀gá gbé àyà síta, ó ní kò sí ẹni tó mọ bátìrì tó òun.

"Irin olóró tó ń jẹ́ òjé wà nínú èèpo tí màmá ní ẹ dà sí àgbàlá," ni nọ́ọ̀sì wí. "Gbogbo àmì ara ọmọ yín fi hàn pé ó ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ó jọ pé òun náà ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

Ẹni tó mú igi rọra fi í ti ògiri, bí ẹni pé ó kàn rí i he lọ́nà. Aránṣọ rántí pé òun ní aṣọ láti rán.

Ọ̀gá béèrè bóyá ọmọ á yè. Nọ́ọ̀sì ní àwọn á sa gbogbo ipá àwọn, kò ṣèlérí. Nígbà náà ni ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja síwájú ìyá rẹ̀, tó jókòó lẹ́yìn nọ́ọ̀sì, tó gbé ọmọ lé ẹsẹ̀.

"Màmá, ẹ gbàdúrà fún un."

"Mo ti ń gbà á láti àárọ̀. Mo ń gbà á nígbà tí ẹ ń kó igi bọ̀. Bó yè, bí kò yè, n kò ní fi Ọlọ́run sílẹ̀ mọ́. Ìwọ ló kù."

Ọ̀gá na ọwọ́ sí ọmọ. Ìyá-àgbà di ọwọ́ náà mú.

"Lọ fọ ọwọ́ rẹ ná."

Ó fọ̀ ọ́, ó tún un fọ̀, dúdú náà kò tán ní èékánná. Nígbà tó padà dé, ó kúnlẹ̀ ti ìyá rẹ̀, ó la ẹnu, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ kì í wọ́n yìí kò sì rí ọ̀rọ̀ kan sọ. Ìyá rẹ̀ ló bá a bẹ̀rẹ̀ àdúrà, bó ṣe kọ́ ọ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin.

"Baba."

Ọ̀gá Bátìrì tẹ̀lé e.

"Baba."