Bọ́ílà Tó Ń Kú ní Gbogbo Ọjọ́ Ajé

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni Lorna kọ́kọ́ rí. Ẹsẹ̀ méjì nà gbọọrọ jáde látinú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, ìbọ̀sẹ̀ pupa ló wà níbẹ̀, àtàǹpàkò kan sì ti yọrí lójú ihò bí ẹni ń wo àlejò. Ẹni tó ni ẹsẹ̀ ń kọrin nínú lọ́hùn-ún. Èérí bọ́ílà àtijọ́, ẹ̀rọ onígáàsì tó ń mú ilé gbóná, ti dà sórí ilẹ̀ tí Lorna nù mọ́ láàárọ̀ kí ó tó lọ wa bọ́ọ̀sì.

"Ta nìyẹn?"

Orí gbá igi gbì, orin sì dákẹ́. Ọkùnrin kan wọ́ ara rẹ̀ jáde, ojú rẹ̀ dúdú fún èédú, ó ń fọwọ́ pa iwájú orí.

"Ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí, ọ̀wọ́n. Neil Sowerby ni mí, oníbọ́ílà."

"Ọ̀la la jọ ṣàdéhùn. Èmi kì í sì í ṣe ọ̀wọ́n yín. Lorna lorúkọ mi."

"Bàbá ló ní kí n wọlé. Wọ́n ní òtútù fẹ́ pa àwọn. Wọ́n tilẹ̀ po tíì fún mi, àmọ́ iyọ̀ ni wọ́n fi sí i."

"Ẹ wá ṣe é báwo?"

"Mo mu ún tán. Wọ́n ń wò mí lójú."

Ní ìlú Burnley wa níhìn-ín, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ ló ń pe obìnrin ní ọ̀wọ́n, àti ìyá àgbà àti ọmọ jòjòló. Lorna mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ láti ọdún mẹ́fà tí ọkọ rẹ̀ ti kó ẹrù lọ sílé obìnrin mìíràn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀ tí àyà rẹ̀ fi já. Ìyẹn gan-an ló bí i nínú.

Ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì ni, òun àti Wilfred bàbá rẹ̀ ló ń gbé ilé náà. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni bàbá yìí, ẹ̀rọ ìhunṣọ ló sì ń tún ṣe nígbà tí ilé iṣẹ́ òwú ṣì wà. Ní oṣù Ṣẹẹrẹ tí bọ́ílà àtijọ́ kú, Beverley ẹ̀gbọ́n Lorna pè láti Preston. Ó ní bí ilé yẹn bá ń tutù báyìí, ilé ìtọ́jú arúgbó ni òun máa gbé Bàbá lọ, òun sì ti lọ wo yàrá síbẹ̀. Lorna kò sùn dáadáa lọ́sẹ̀ yẹn.

Ọjọ́ méjì ni Neil fi ṣe iṣẹ́ tán. Ilé gbóná, Wilfred bọ́ súwẹ́tà. Nígbà tí Neil ń lọ, ó ní, "Bí nǹkan kan bá ṣe é, ẹ pè mí, Lorna." Kò pè é ní ọ̀wọ́n mọ́, ó sì dun obìnrin náà díẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, bọ́ílà kú fin-ínfin-ín.

Ẹ jẹ́ kí n tú àṣírí rẹ̀ fún yín kíákíá, nítorí ọ̀rọ̀ náà bí èmi gan-an nínú. Kò sí ohun tó ṣe bọ́ílà. Wilfred ni. Bọ́ílà àtijọ́ ní táǹkì lórí àjà, tó ń fi omi kún páìpù fúnra rẹ̀ bí ó bá dín. Nítorí náà, fún ọgbọ̀n ọdún, bí Wilfred bá ti jẹun ọ̀sán Ọjọ́ Àìkú tán, á mú kọ́kọ́rọ́ kékeré kan àti ife kan, á máa lọ láti yàrá dé yàrá. Á tú ìdí irin ara ògiri tó ń mú ilé gbóná, títí afẹ́fẹ́ á fi jáde ṣìì tí omi dúdú á sì kán sínú ife. Bí gbogbo bàbá àdúgbò wa ṣe ń ṣe nìyẹn. Bọ́ílà tuntun kò ní táǹkì. Ohun tó bá ti jáde nínú rẹ̀ ti lọ nìyẹn, bí agbára omi bá sì ti lọ sílẹ̀, á pa ara rẹ̀ kí ilẹ̀ Ọjọ́ Ajé tó mọ́. Lorna kò rí bàbá rẹ̀ níbẹ̀, torí bọ́ọ̀sì ló ń wà lọ́jọ́ Àìkú.

Neil wá, ó fi omi kún un, ó sì fún gbogbo ojú páìpù le. Lọ́jọ́ Ajé kejì, ó tún kú.

"Irú iṣẹ́ wo lẹ ṣe sílé mi?" Lorna dúró lé e lórí pẹ̀lú aṣọ òtútù lọ́rùn. "Èyí àtijọ́ lo ọgbọ̀n ọdún. Tiyín ò lè lo ọ̀sẹ̀ kan!"

"Mo ti yẹ gbogbo ẹ̀ wò. Kò síbi tó ń jò."

"Iwin ló wá ń mu omi inú ẹ̀?"

"Iwin tó bá lè mu omi dúdú yẹn, àánú ẹ̀ ṣe mí."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Lorna, ó fi ìbínú gbé e mì. Òun àti Neil jókòó lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú tíì, wọ́n ń dúró kí ilé gbóná. Neil sọ pé ìyàwó òun kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Lorna na ìbọ̀sẹ̀ tuntun sí i láìwojú rẹ̀.

"Ẹ má rò ó sí nǹkan kan. Ojú ló ń tì mí bí oníṣẹ́ mi ṣe ń fi àtàǹpàkò han ará àdúgbò."

"Ẹ ṣeun, ọ̀wọ́n," Neil sọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Lorna kò bá a jà.

Lọ́jọ́ Ajé kẹta, Neil rí ife omi dúdú lẹ́yìn àga Wilfred. Ó kúnlẹ̀, ó ṣàlàyé fún bàbá. Ojú Wilfred kún fún omijé.

"Má sọ fún Lorna. Mo gbàgbé omi ẹ̀rọ ní ṣíṣí lóṣù tó kọjá, omi kún ilẹ̀. Àṣìṣe kan péré sí i ni Beverley ń wá kó lè gbé mi lọ. Jọ̀ọ́, ọmọ mi."

Neil ṣèlérí. Ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, bàbá náà sì búra pé òun ò ní ṣe é mọ́. Àmọ́ ọkàn ló búra, ọwọ́ ò sí níbẹ̀. Ẹni tó fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ẹ̀rọ ṣe kì í sì í ní irinṣẹ́ kan ṣoṣo. Kọ́kọ́rọ́ mẹ́ta mìíràn wà nínú dúrọ́ọ̀ rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé kẹrin tí ilé tún tutù, Beverley ló kọ́kọ́ pè. Ó ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni òun máa wá gbé Bàbá. Ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀: kí ọ̀sán tó pọ́n, Lorna ti kọ̀wé sí àwọn tó ń fún oníṣẹ́ gáàsì ní ìwé àṣẹ. Ó kọ ọ́ pé ọ̀gbẹ́ni Sowerby kò mọ iṣẹ́, pé ó fi òtútù lé bàbá òun jáde nílé. Ó sì sọ ọ́ fún Neil lójúkojú.

Ojú Neil fà ro. Iṣẹ́ yìí nìkan ló mọ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

"Ẹ ṣe ohun tó bá tọ́ lójú yín," ló wí. Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ. Lorna sunkún nínú bọ́ọ̀sì kí èrò tó wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ kan kí olùyẹ̀wò tí wọ́n fèsì pé àwọn máa rán wá tó dé, yìnyín bo òkè, wọ́n dá bọ́ọ̀sì dúró. Lorna dé ilé ní aago méjì ọ̀sán. Bàbá rẹ̀ wà lórí ìkúnlẹ̀ nídìí ògiri, ife lọ́wọ́, afẹ́fẹ́ ń jáde ṣìì.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe?"

"Mo ń tú afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ ni." Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ Wilfred dúró. "Áà. Neil ní kí n má ṣe é mọ́. Ó lóun ò ní sọ fún ẹ."

Lorna pe Neil. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló sọ: "Máa bọ̀ nísinsìnyí." Kí Neil tó sọ̀ nínú mọ́tò, Lorna ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, kótìnnì gbogbo àdúgbò sì ń mì.

"O mọ̀! Láti ọ̀sẹ̀ méjì lo ti mọ̀!"

"Mo mọ̀."

"O jẹ́ kí n kọ̀wé bà ọ́ lórúkọ jẹ́! Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀, o sì panu mọ́!"

"Bàbá bẹ̀ mí, Lorna. Wọ́n sunkún. Mo rò pé tí mo bá sọ, èmi ni mo lé wọn kúrò nínú àga yẹn."

"Ta ló sọ fún ẹ pé màá jẹ́ kí wọ́n gbé bàbá mi lọ? O mu tíì mi, o jókòó tì mí lórí àtẹ̀gùn, o ò sì mọ irú èèyàn tí mo jẹ́!"

Èyí wọ Neil lára ju ìwé lọ. Ó sọ orí kọ́. "Mo ṣẹ̀ ẹ́. Ó yẹ kí n fọkàn tán ẹ."

"Ọ̀la, èmi náà ni màá kó ọ̀rọ̀ mi jẹ níwájú wọn. Kí lo tún fi pa mọ́ fún mi?"

"Ẹyọ kan. Tí mo bá tú àṣírí Bàbá, bọ́ílà á dá ṣáṣá. Mi ò wá ní rí ohun tí màá máa wá ṣe níbí mọ́."

"Aláìnítìjú!" Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò le mọ́.

Fóònù dún. Beverley ni. Lorna jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí Neil lè gbọ́, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pa mọ́. "Bàbá ń gbàgbé nǹkan, Beverley. Wọn ò sì lọ síbì kankan."

"Mi ò bá ẹ jà," ni Beverley wí, ohùn rẹ̀ ti rọ̀. "Ṣùgbọ́n dá mi lóhùn. Tí o bá wà lórí bọ́ọ̀sì ní Sọ́ńdè, ta ló máa jókòó tì wọ́n?"

Lorna bojú wẹ̀yìn wo bàbá rẹ̀.

"Èmi," ni Neil wí láti inú yìnyín.

"Ta nìyẹn?" Beverley béèrè.

"Oníbọ́ílà ni." Lorna yíjú sí i. "Gbogbo Sọ́ńdè?"

"Gbogbo Sọ́ńdè."

"Neil, ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ oníbọ́ílà o. Iṣẹ́ àna ni."

"Mo mọ̀. Òun ni mo ń tọrọ."

Beverley ṣì wà lórí fóònù. Lorna wo ọkùnrin náà, yìnyín ti bo èjìká rẹ̀.

"Inú ṣì ń bí mi sí ẹ gan-an."

"Ó hàn."

"Á pẹ́ kó tó rọ̀."

"Màá dúró, ọ̀wọ́n."

Lorna yẹ̀ kúrò lójú ọ̀nà. "Wọlé ná," ó ní, "òtútù ń wọlé bá bàbá wa."