Iye Àwọn Ọmọ Ìbíyẹmí

Apọnmi ni wọ́n ń pe ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá rí i á ní igi ni. Ó ní gbòǹgbò, ó ní ewé, ó sì ń mí. Àwọn onímọ̀ ló dá a sínú ìgò, tí wọ́n kọ́ ọ láti máa fa omi òkun, kí ó sì máa sun omi tí kò ní iyọ̀. Igi kan, omi ènìyàn kan lóòjọ́. Iye orí tí wọ́n bá kà fún un lọ́jọ́ tí wọ́n gbìn ín ni iye igi tí yóò hù, ó sì di ọdún mẹ́wàá kí ó tó tún hu òmíràn. Bí wọ́n bá fipá fa omi jù bẹ́ẹ̀ lọ, á rọ, á kú.

Lọ́dún tí òkun gba ilẹ̀ ìkẹyìn lọ́wọ́ àwọn ará Igbórò, erékùṣù méjì péré ló kù tí wọ́n lè sá lọ. Ìdẹ̀ra ni èkíní, erékùṣù àtọwọ́dá tó léfòó sórí omi bí igbá. Òrùlé dígí bò ó, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, òjò kì í dé ibẹ̀, omi Apọnmi nìkan ni wọn ó máa mu. Pàṣán ni èkejì, àpáta kan ní ìpẹ̀kun gúúsù. Òjò ń rọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́, ẹyẹ òkun ń yé síbẹ̀, otútù ibẹ̀ sì ń pani. Ìṣàn omi tó ń gbé ọkọ̀ lọ síbẹ̀ kì í gbé e padà.

Ìbíyẹmí, opó tó ń hun àwọ̀n, ti yan Ìdẹ̀ra kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Torí Rẹ̀mílẹ́kún, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà ni. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ díẹ̀, ọmọ náà á bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹwìrì alágbẹ̀dẹ. Kò lè fara da otútù Pàṣán.

Fọ́lárànmí, onímọ̀ tí ìjọba fi ṣe olùtọ́jú Apọnmi, kó gbogbo ìlú jọ. “Kí olúkúlùkù sọ iye ọmọ tó wà nílé rẹ̀. Iye nìkan ni mo fẹ́.”

Ìyá Àwẹ̀ró, àgbà obìnrin ìlú, dìde. “Ṣé wọn ò kọ́ ọ nílé ni? A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ.”

“Ẹ má bínú, Ìyá. Ẹ̀rọ ò mọ ‘wọ́n pọ̀, a dúpẹ́’. Iye ló mọ̀.”

“Òjò Pàṣán ò bèèrè orí mélòó kí ó tó rọ̀. Bí ìṣàn omi bá ti yí, ibẹ̀ lèmi ń lọ.”

“Otútù á pa àwọn ọmọdé níbẹ̀.”

“Ó lè pa wọ́n. Ṣùgbọ́n irọ́ ni wọn ó pa fún ọ níbí, o ò sì ní mọ̀. Mo mọ àwọn èèyàn mi.”

Fọ́lárànmí rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìwé tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà kà pọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ìwà àwọn tó bí i nínú ìwé náà.

Ó kan Ìbíyẹmí. Ọmọ márùn-ún tó wà láàyè ló ní. Ó ti sin méjì mìíràn rí, lọ́sẹ̀ kan náà, lẹ́yìn tí akọ̀wé kan wá kà wọ́n wọ ìwé.

“Mẹ́ta ni,” ó wí.

Ó rò ó lọ́kàn pé omi tó tó ẹni mẹ́rin, ẹni mẹ́fà á fi ṣe é. Kò mọ̀ pé ẹni tó ṣáájú òun bí méje, ó pè é ní mẹ́rin, tí ẹni tó tẹ̀ lé e bí mẹ́jọ, ó pè é ní márùn-ún. Irọ́ kékeré ni ti olúkúlùkù.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ máa bá a. Irọ́ tiwọn ò lò ju oṣù méjì lọ. Igba igi ló hù ní Ìdẹ̀ra. Ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ló ń mu ún. Àwọn ìyá ń fipá fún ewé, igi mọ́kànlá sì ti ń rọ. Fọ́lárànmí, tí ètè tirẹ̀ náà ti bó, tún kó wọn jọ.

“Ìṣàn omi ti yí, mo sì ti bá Ìyá Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Ọkọ̀ òun àtàwọn tó bá a dúró á yà síbí lọ́túnla, lójú ọ̀nà Pàṣán. Ilé tí ìwé kà sí ẹni mẹ́rin, omi mẹ́rin ló ní. Àwọn tó lé á bá ọkọ̀ lọ.”

“Ta ló máa mú àwọn tó ń lọ?” Ìbíyẹmí bi í.

Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ò lè wo ojú rẹ̀. “Ẹ̀yin ni, Ìyá Mọrẹ́nikẹ́.”

Bí òun bá dúró, ọmọ méjì ni yóò dá lọ sórí àpáta. Bí òun bá lọ, ẹyọ kan ni yóò bá òun lọ, mẹ́rin á sì kù láìní ìyá. Ó fi Rẹ̀mílẹ́kún lé Mọrẹ́nikẹ́ lọ́wọ́, àkọ́bí rẹ̀, ọlọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fi òróró gbígbóná pa ọmọ náà láyà. Tẹ́júmọ́lá ló mú lọ, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Kì í ṣe pé ó le ju àwọn yòókù lọ. Òun ni kò sunkún nígbà tí ìyá rẹ̀ wò ó. Ìbíyẹmí kórìíra ara rẹ̀ nítorí ìyẹn.

Lẹ́nu ọkọ̀, Ìyá Àwẹ̀ró ò bá a wí. Àyè ọkọ̀ ò pọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ mọ iye àwọn tó ń wọlé. Obìnrin náà ò bi ẹnikẹ́ni bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

“Ẹ̀yin mélòó ni, ọmọ mi?”

“Méjì. Mẹ́rin wà lẹ́yìn.”

Ìbíyẹmí yíjú sí èbúté, ó na ìka sí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dúró lẹ́yìn dígí, ó ń kà wọ́n sókè, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Ẹ̀rù kíkà wọ́n ò bà á mọ́. Ohun tó ń bẹ̀rù ti dé.